KÁPÚSÙ KÌ Í ṢE ÀRỌ́PÒ OMI ÀTI ỌṢẸ

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi dúró ní gáréèjì Mólété fún ìdajì wákàtí péré, nígbà tí àwọn kọ̀ńdọ́ bá ń pe Challenge, tí wọ́n ń pe Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe ìpékeré àti omi tútù nìkan ni wọ́n ń kiri. Wọ́n ń kiri oògùn pẹ̀lú. Kápúsù aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò wà nínú ike, oòrùn ń pa á. Ẹni tí inú ń run á ra méjì. Ẹni tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ á ra ọ̀kan, á tú u, á da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú á ra mẹ́ta. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n gan-an.

Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ wọ ilé kẹ́mísì kékeré inú àdúgbò. “Bọ̀dá, ẹ bá mi mú Ampiclox méjì, kí ẹ fi Flagyl méjì sí i.” “Ta ló ń lò ó, mà?” “Ọmọ ni. Ó ti yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti àárọ̀.” Bọ̀dá á ká oògùn sínú bébà, ó parí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: a ti sọ kápúsù di àrọ́pò omi àti ọṣẹ ní ìlú yìí, àrọ́pò náà yóò sì já wa kulẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀ jù. Àwọn kan wà tó ti já kulẹ̀ báyìí, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì sí láyé mọ́ láti fẹnu ara wọn sọ ọ́.

GBẸ̀GÌRÌ ÀTI ÈLÙBỌ́

Kí á tó bú ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí á mọ irú ọ̀tá tí à ń bá jà. Gbogbo obìnrin tó ń ta àmàlà ní Bẹẹrẹ ló mọ̀ pé gbẹ̀gìrì tí a sè láàárọ̀, tí a kò tún gbé kaná mọ́, yóò ti kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, yóò sì máa yọ ìfófòó. Ṣùgbọ́n èlùbọ́ tí wọ́n fi ro àmàlà náà lè wà nínú àpò fún oṣù mélòó kan, kò ní bàjẹ́. Kí ló fà á? Kòkòrò ni. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní bakitéríà. Ó wà lára ọwọ́ wa, ó wà lára ṣíbí, ó wà nínú ìfun wa. Ó fẹ́ràn omi, ó fẹ́ràn oúnjẹ, ó sì fẹ́ràn ìlọ́wọ́ọ́wọ́. Gbẹ̀gìrì ní gbogbo rẹ̀. Èlùbọ́ kò ní omi. Kòkòrò tó bá bọ́ sínú rẹ̀ lè má kú, ṣùgbọ́n kò lè bímọ.

Bó ṣe ń bímọ gan-an ló yẹ kó bà wá lẹ́rù. Kò wá ọkọ, kò wá aya, kò lóyún. Ẹyọ kan á gùn díẹ̀, á là sí méjì. Méjì á di mẹ́rin. Èyí tí wọ́n ń pè ní E. coli, tó máa ń wà nínú ìgbẹ́ ènìyàn, lè là sí méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú bí oúnjẹ àti ìlọ́wọ́ọ́wọ́ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹyọ kan ní aago mẹ́jọ alẹ́ di 8 ní aago mẹ́sàn-án, ó di 64 ní aago mẹ́wàá, ó di 512 ní aago mọ́kànlá. Nígbà tí aago mẹ́ta òru bá lù, ó ti lé ní mílíọ̀nù méjì. Nígbà tí a bá fi máa jí ní aago mẹ́fà, ó ti kọjá bílíọ̀nù kan.

Òótọ́ ni pé kì í sáré bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú oúnjẹ, á kọ́kọ́ dúró ná kí ibẹ̀ lè mọ́ ọn lára. Bí oúnjẹ bá sì tán, tí ìdọ̀tí ara rẹ̀ pọ̀ jù, á tún dúró, púpọ̀ nínú wọn á máa kú. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà méjèèjì yẹn ni ó ti ń ṣe wá léṣe. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ṣẹ́gun rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ráyè bímọ.

Àwọn ìyá wa mọ èyí láìka ìwé. Láàárín ìwọ̀n 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì ni púpọ̀ nínú kòkòrò wọ̀nyí ti ń gbilẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ títí yóò fi hó, kì í ṣe kó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yan ẹja gbẹ, tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí ẹran, tí wọ́n ń jẹ́ kí ògì kan dáadáa, nítorí ohun tó bá kan kì í jẹ́ kí kòkòrò búburú gbilẹ̀. Fíríìjì náà dára, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń dá kòkòrò dúró, kì í pa á. Bí iná mànàmáná bá lọ, kòkòrò á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé òmíràn wà nínú ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó máa ń wé ara rẹ̀ bí èso inú epo, tí iná kì í pa. Bí ọbẹ̀ bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, á tún hù. Òmíràn ti da májèlé rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e kaná, iná kò sì lè ba májèlé ọ̀hún jẹ́. Oúnjẹ tó bá ti bàjẹ́, ẹ dà á nù.

KÍ KÁPÚSÙ TÓ DÉ

Ẹlòmíràn á ní, “Ṣé ọwọ́ fífọ̀ ni ìwọ ń fi wé oògùn òyìnbó?” Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìlú Vienna, ní orílẹ̀-èdè Austria, ní 1847, dókítà kan tó ń jẹ́ Ignaz Semmelweis rí i pé àwọn obìnrin tó ń bímọ ní wọ́ọ̀dù àwọn dókítà ń kú ju ti wọ́ọ̀dù àwọn agbẹ̀bí lọ. Ó wádìí rẹ̀. Inú yàrá tí wọ́n ti ń la òkú wò ni àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti ń bọ̀ sọ́dọ̀ aboyún. Ó pàṣẹ pé kí olúkúlùkù máa fi omi oníklorín fọ ọwọ́. Ní oṣù April ọdún náà, nǹkan bí obìnrin 18 nínú 100 ló ń kú ní wọ́ọ̀dù yẹn; nígbà tó máa fi di oṣù June, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 2 nínú 100. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ṣì kù kí ẹnikẹ́ni tó rí pẹnisílìn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti omi. Ní 1908, Jersey City ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi klorín sí omi gbogbo ìlú, àwọn ìlú mìíràn sì tẹ̀lé e. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní táífọ́ọ̀dù, bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀ láàárín wọn. Ìgbà tó di 1948 ni wọ́n tó rí oògùn chloramphenicol tó ń wo táífọ́ọ̀dù. Omi ló ṣáájú, oògùn ló tẹ̀lé e.

Àwa náà ní ẹ̀rí tiwa. Kọ́lẹ́rà, àrùn onígbáméjì, wọ Nàìjíríà ní òpin ọdún 1970. Inú ìgbẹ́ ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, ẹnu ló ń gbà wọlé, omi àti ọwọ́ sì ni ọkọ̀ tó ń wọ̀. Ohun tó ń pa ènìyàn nínú rẹ̀ ni pé omi ara ń gbẹ. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a dá padà sára, láti ẹnu tàbí láti inú iṣan, ni oògùn àkọ́kọ́. Kápúsù kàn ń kún un lọ́wọ́ ni, fún ẹni tó bá ṣe é gidigidi.

ILÉ-Ẹ̀KỌ́ TÍ A DÁ SÍLẸ̀ FÚN KÒKÒRÒ

Ní 1928, ní ilé ìwòsàn St. Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù, Alexander Fleming rí i pé ohun bí òwú tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu ń pa kòkòrò inú àwo rẹ̀. Ibẹ̀ ni pẹnisílìn ti wá. Ní December 1945, nígbà tó lọ gba ẹ̀bùn Nobel, ọkùnrin yìí kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò lè ra pẹnisílìn ní ṣọ́ọ̀bù, pé ẹni tí kò mọ̀ yóò lo èyí tí kò tó, yóò sì fi èyí tí kò tó náà kọ́ kòkòrò bí wọ́n ṣe ń yè. Ó dà bíi pé ó ti dé Mólété rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Pẹnisílìn àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, títí kan èyí tó wà nínú Ampiclox, kì í jẹ́ kí kòkòrò rí ògiri ara rẹ̀ mọ. Ògiri á lanu, kòkòrò á bẹ́. Tetracycline ní tirẹ̀ ń dí ibi tí kòkòrò ti ń ṣe ohun tó fi ń dàgbà. Kòkòrò á dúró lójú kan, ara wa á sì rí i pa. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù kòkòrò, ẹyọ kan tàbí méjì lè wà tí wọ́n bí yàtọ̀. Ọ̀kan ní ohun bí àdá tó fi ń gé pẹnisílìn. Òmíràn ní ojú ihò tó fi ń tu tetracycline síta. Bí oògùn bá jẹ́ èyí tó yẹ, tí ìwọ̀n rẹ̀ pé, tí ọjọ́ rẹ̀ sì pé, àwọn tó kù kì í pọ̀, ara á sì borí wọn. Bí ẹ bá lo méjì péré, àwọn ọ̀lẹ ló kú. Akíkanjú ló kù, ilẹ̀ sì ti ṣófo fún un. Ẹ rántí ìṣírò tí a jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan: láti alẹ́ di àárọ̀, ẹyọ kan lè di bílíọ̀nù. Ó tún kù o. Kòkòrò yìí lè fún kòkòrò mìíràn tí kì í tilẹ̀ ṣe ìdílé rẹ̀ ní àṣírí náà, bí aládùúgbò ṣe ń fún aládùúgbò ní ògúnná.

Àtọ̀sí jẹ́ ẹ̀rí. Abẹ́rẹ́ pẹnisílìn ló ń wò ó nígbà kan. Ní 1976, wọ́n rí irú àtọ̀sí kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gé pẹnisílìn wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n sì tọpa rẹ̀ dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, apá tiwa níbí.

Ẹ̀rí kejì sún mọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ kan, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke tó wá di olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn, yẹ E. coli 758 wò, èyí tí wọ́n rí nínú ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà láàárín 1986 sí 1998. Wọ́n dán tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin wò lára wọn. Ní 1986, láti orí 9 títí dé 35 nínú 100 ni oògùn wọ̀nyí kò ràn, bí oògùn kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Ní 1998, ó ti di 56 títí dé 100 nínú 100. Ẹ tún un kà dáadáa. Ó ti di pé oògùn kan wà nínú wọn tí kò rí ẹyọ kan ṣoṣo ràn mọ́. Ọdún méjìlá péré ni o!

Ní 2019, ènìyàn mílíọ̀nù 1.27 ni kòkòrò tí kò gbọ́ oògùn mọ́ pa tààrà káàkiri ayé. Bí a bá fi iye ènìyàn ibẹ̀ wọ̀n ọ́n, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló burú jù nínú gbogbo ẹkùn ayé. Ta ló ń san gbèsè náà? Obìnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta tí kòkòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tí ọkọ̀ gbá, tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Àwọn wọ̀nyí ni a dá kápúsù sílẹ̀ fún, àwọn gan-an sì ni kò ní rí i lò, nítorí pé àwa ti fi ná ọ̀fìnkìn.

ÀWÁWÍ WA

Àwáwí kìíní: “Èmi máa ń lò ó, ó sì máa ń ṣiṣẹ́.” Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́, ṣé àkùkọ ló mú ilẹ̀ mọ́? Ọ̀fìnkìn kì í ṣe iṣẹ́ bakitéríà rárá. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kápúsù kò sì lè pa fáírọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ inú rírun á lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ lo kápúsù ní ọjọ́ kejì, ara yín yá ní ọjọ́ kẹta, ẹ wá gbé ọpẹ́ fún kápúsù.

Àwáwí kejì: “Àwọn bàbá wa kò mọ kòkòrò kankan, wọ́n sì gbó, wọ́n tọ́.” Àwọn tó gbó ni ẹ rí. Mélòó ni wọ́n sin ní kékeré? Mélòó ni wọ́n pè ní àbíkú, tí wọ́n kọ ní ilà, tí wọ́n sọ ní Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́? Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ pa àwọn kan nínú wọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru àti ibà náà kó tiwọn lọ.

Àwáwí kẹta ló wúwo jù, n kò sì ní fi ojú tín-ínrín rẹ̀: “Owó dókítà dà?” Ọ̀rọ̀ rèé. Ẹni tó ń fi ọmọlanke ṣiṣẹ́ oòjọ́ ní Ọjà'ba kò lè fi odindi ọjọ́ kan tò lórí ìlà ní ọsibítù. Èmi kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bá ara wa sòótọ́. Ẹni tó ń ra méjì lónìí, tó ń ra méjì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ti ná owó dókítà tán láìrí dókítà. Ọmọ tó bá ń yàgbẹ́, ẹ gbé e lọ sí ìlera ìjọba tó sún mọ́ yín, kí ẹ béèrè fún ORS àti síǹkì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ náà, bí ojú ọmọ bá ti jìn, tí kò lè mumi mọ́, ẹ má dúró níbì kankan. Ọsibítù ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ “málèríà àti táífọ́ọ̀dù” náà ń kọ́? Ara ènìyàn kò ní í gbóná lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n má sọ pé méjèèjì ló ń ṣe é. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n fi ń sọ ọ́ lè tan ni jẹ, nítorí àìsàn àtijọ́ lè mú kí ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó dájú ni kí wọ́n bu ẹ̀jẹ̀ sínú oúnjẹ kòkòrò, kí wọ́n fi pamọ́ síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n wò bóyá nǹkan yóò hù. Bó bá hù, wọn á tò ó sínú àwo, wọn á fi bébà róbótó tó ní oògùn lára lé e lórí. Èyí tí oògùn rẹ̀ bá ṣiṣẹ́, àyíká rẹ̀ á mọ́ kedere. Èyí tí kò bá ṣiṣẹ́, kòkòrò á hù yí i ká bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ bá mi béèrè fún un lọ́dọ̀ dókítà yín.

ÌJỌBA, Ọ̀RỌ̀ KÀN YÍN

Kí ẹ má rò pé aráàlú nìkan ni mo wá bú. Láti 1942 ni omi Ẹlẹ́yẹlé ti wà fún ìlú Ìbàdàn. Lónìí, ẹ rìn láti Mápó dé Bẹ́yẹrúnkà, kí ẹ ka iye ẹ̀rọ omi tó ń sun. Kànga ni wọ́n ń mu nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, kànga tó sún mọ́ ṣáláńgá bí ìbejì. Ó yẹ kí ọgbọ̀n mítà wà láàárín méjèèjì, ṣùgbọ́n níbo ni ẹ ti fẹ́ rí ọgbọ̀n mítà ní Ọjà'ba? Bí omíyalé bá wá dé, bí Ògùnpa ṣe ya ní 31 August 1980, àti bí òjò ṣe ṣe wá ní 26 August 2011, ohun tó wà nínú ṣáláńgá ló ń wọ inú kànga. Ìjọba tí kò bá fún wa ní omi kò ní ẹnu láti bi wá pé èé ṣe tí a fi ń gbé kápúsù mì.

Òfin ń kọ́? Láti 1988 ni òfin ti kọ̀ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta oògùn ní ọjà, ní gáréèjì, létí títì tàbí nínú ọkọ̀. NAFDAC ti wà láti 1993. Ṣùgbọ́n ojú ọlọ́pàá ni wọ́n ti ń kiri oògùn. Bí òfin bá wà tí kò sí ẹni tó ń mú un ṣẹ, ìwé lásán ni.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí ìjọba jẹ́ kí omi ẹ̀rọ sun ní àwọn àdúgbò àtijọ́ wọ̀nyí kí wọ́n tó tún kọ́ bíríìjì mìíràn. Kí wọ́n lé oògùn kúrò ní gáréèjì. Kí ẹ̀yin oníkẹ́mísì jáwọ́ nínú títa kápúsù ní méjì-méjì. Ẹ̀yin náà lọ́mọ. Kí àwa aráàlú máa se omi kànga títí yóò fi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan kí á tó mu ún. Kí á máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ bí a bá jáde ní ṣáláńgá, bí a bá nu ìdí ọmọ, kí á tó ro àmàlà, kí á tó jẹun. Ọṣẹ kò nílò láti pa kòkòrò kó tó ṣe wá lóore. Ńṣe ló ń tú u kúrò lára ọwọ́ pẹ̀lú ọ̀rá, tí omi á gbé e lọ. Kòkòrò kò sì rí ọgbọ́n kankan dá sí èyí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí dókítà bá sì wá kọ kápúsù fún wa nígbà tó yẹ, kí á lò ó bó ṣe sọ ọ́, kí á má fi ìyókù pamọ́ fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò.

Lọ́jọ́ mìíràn tí ọwọ́ yín bá tún fẹ́ yọ owó kápúsù méjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ra ọṣẹ.